Kíkan omi òkun

Kíkan omi òkun ni ìyípadà tó ń bá omi òkun nítorí gáàsì káábọ́ọ̀nù-dayọ́ksáìdì (CO₂) tó ń wọnú rẹ̀ láti ojú sánmà. Epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì tí àwọn ènìyàn ń sun ló ń tú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ síta. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin CO₂ tí ọmọ ènìyàn ń tú jáde lọ́dọọdún ni òkun ń gbé mì. Èyí ń dín ooru ayé kù, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá inú omi ló ń san owó rẹ̀.

Orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tó bá tọ́ omi òkun wò lónìí kò ní rí i kó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Lórí òṣùwọ̀n pH, 7 ni ààrin: ohun tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló kan, èyí tó bá wà lókè rẹ̀ sì wà níhà kan náà pẹ̀lú omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Ojú òkun wà ní nǹkan bí 8.2 kí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbilẹ̀. Ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 8.1. Òṣùwọ̀n yìí ń lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá. Nítorí náà, 0.1 tó dà bí ohun kékeré yìí fi hàn pé íọ́ọ̀nù háídírójìn, tó ń fa kíkan, ti fi nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 lé sí i.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi

Bí CO₂ bá yòrò sínú omi, ásíìdì káábọ́níìkì ló ń dà. Ásíìdì yìí kì í pẹ́ fọ́. Ó ń tú íọ́ọ̀nù háídírójìn sílẹ̀, háídírójìn náà á sì lọ so mọ́ kábónéètì tó wà nínú omi, wọ́n á di báíkábónéètì. Kábónéètì yẹn gan-an ni àwọn ẹ̀dá oníkarahun ń wá kiri. Wọ́n ń pa á pọ̀ mọ́ kálísíọ̀mù láti fi mọ kálísíọ̀mù kábónéètì, ohun kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín, owó ẹyọ àti iyùn, àti nínú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì. Bí CO₂ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun ìmọlé wọn ń wọ́n.

Àmì Ω ni wọ́n fi ń sọ bí kábónéètì ṣe tó nínú omi. Bí Ω bá ju 1 lọ, ìkarahun á dúró; bó bá wálẹ̀ ju 1 lọ, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ. Oríṣi kálísíọ̀mù kábónéètì tó ń jẹ́ áragónáìtì máa ń tètè yọ́ ju oríṣi kejì, kálísáìtì, lọ, áragónáìtì sì ni iyùn àti ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀dá oníkarahun ń lò. Ìpalára kì í dúró de ìgbà tí Ω bá dé 1. Kó tó dé ibẹ̀ ni ẹ̀dá náà ti ń ná agbára púpọ̀ sí i lórí iṣẹ́ tó ń ṣe wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ísítà ní Netarts

Ibi tí ayé ti kọ́kọ́ rí ọṣẹ́ rẹ̀ nínú òwò ni etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ Oregon, létí ọ̀sà Netarts, ibùdó ọ̀sìn kan wà tó ń jẹ́ Whiskey Creek, tó ń ta ọmọ ọ́ísítà fún àwọn àgbẹ̀ omi. Ọ́ísítà ni ẹran omi oníkarahun méjì tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Láti ọdún 2007, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ bẹẹrẹbẹ nínú táǹkì. Kòkòrò bakitéríà tó ń jẹ́ Vibrio ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n wá ẹ̀rọ tó ń pa á, síbẹ̀ ikú kò dá.

Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon bá wọn wọn omi náà ní ọdún 2009. Wọ́n rí i pé pH omi tó ń wọ ibùdó náà ń lọ sókè sódò láàrin 7.6 àti 8.2, Ω áragónáìtì rẹ̀ sì wà láàrin 0.8 àti 3.2. Atẹ́gùn àríwá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ti omi ojú òkun lọ, tí omi tútù láti ìsàlẹ̀ fi ń rú sókè rọ́pò rẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ yìí ti kún fún CO₂ tẹ́lẹ̀, nítorí òkú ohun abẹ̀mí tó ń jẹrà níbẹ̀. Ti ọmọ ènìyàn wá gun orí rẹ̀.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló le jù fún ọmọ ọ́ísítà. Láàrin wákàtí 48 lẹ́yìn tí ẹyin bá gba àtọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti mọ ìkarahun àkọ́kọ́, kò sì tíì lè jẹun. Oúnjẹ inú ẹyin nìkan ló gbójú lé. Bí omi kò bá ní kábónéètì tó, oúnjẹ yẹn á tán kí iṣẹ́ tó parí. Òmíràn á ṣe bí ẹni pé ó yè, àmọ́ kò ní dàgbà, á sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń wo ọjọ́ ikú nìkan kò fi lè mọ ohun tó pa á.

Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣòro lóye. Wọ́n yẹra fún fífa omi láàárọ̀, nítorí koríko inú ọ̀sà ń mí CO₂ jáde lóru. Ní ọ̀sán, oòrùn á ti jẹ́ kí koríko náà fà á padà. Wọ́n tún ń fi sódíọ̀mù kábónéètì sí omi. Irú èyí gba sùúrù: inú omi lásán ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ yò ó, kí wọ́n sì máa kán an díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, kálísíọ̀mù inú omi òkun á dì bí ẹfun, omi á funfun, ohun tí wọ́n ń wá á sì rì sísàlẹ̀ táǹkì. Inú táǹkì nìkan ni ọgbọ́n yìí mọ.

Àwọn ẹ̀dá mìíràn

Ìgbín kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní labalábá òkun, oúnjẹ ọ̀pọ̀ ẹja, ní ìkarahun áragónáìtì tó fẹ́lẹ́. Wọ́n ti rí èyí tí ojú ìkarahun rẹ̀ ti ń yọ́ ní òkun gúúsù lẹ́bàá Antarctica àti ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní erékùṣù Ischia ní Ítálì, CO₂ ń ru jáde láti abẹ́ òkun fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣe ń sún mọ́ ojú ihò náà ni ẹ̀dá oníkarahun ń dínkù, koríko òkun sì ń gbilẹ̀, nítorí CO₂ ni koríko fi ń ṣe oúnjẹ.

Ti ẹja ṣì ń fa àríyànjiyàn. Àwọn ìwádìí kan sọ pé omi kíkan ń mú kí ẹja iyùn má gbóòórùn ọ̀tá mọ́. Àwọn tó tún ìdánwò náà ṣe, tí wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 2020, kò rí i bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ẹ̀rọ pH olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń lò fún omi kànga kò tó fún iṣẹ́ yìí. Iyọ̀ òkun ń dà á láàmú, àṣìṣe rẹ̀ sì lè ju ìyípadà ọ̀pọ̀ ọdún lọ. Aró tó ń jẹ́ m-cresol purple ni wọ́n ń fi sómi, kí ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ ka àwọ̀ rẹ̀. Nínú nǹkan mẹ́rin, ìyẹn pH, CO₂ inú omi, àpapọ̀ káábọ́ọ̀nù àti àpapọ̀ alikaláínì (agbára tí omi ní láti borí ásíìdì), wọ́n gbọ́dọ̀ wọn méjì kí wọ́n tó lè ṣírò Ω. Omi tí wọ́n bá fẹ́ gbé lọ sí yàrá ìwádìí ń gba ẹ̀kán májèlé mẹ́kúrì kí bakitéríà inú rẹ̀ má baà mí CO₂ kún un.

Omi ìsàlẹ̀ máa ń rú sókè ní etíkun Côte d'Ivoire àti Ghana náà, láti bí oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Ní ti Oregon, omi tó ń rú sókè lónìí ti kúrò lójú òkun láti nǹkan bí 30 sí 50 ọdún sẹ́yìn. Ní 1975, tí irú omi bẹ́ẹ̀ ṣì wà lójú òkun, CO₂ ojú sánmà jẹ́ bíi ìdá 330 nínú mílíọ̀nù kan. Ó ti ju 420 lọ báyìí, omi tó sì gba iye yẹn sínú ṣì wà nísàlẹ̀, kò tíì padà wá.