Kandukondain Kandukondain: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fíìmù Tamil tó ti inú ìwé Jane Austen jáde

Oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni fíìmù yìí jáde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó sábà máa ń gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá parí tán, á jókòó síbẹ̀ tí á máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè. Àwọn ìbéèrè náà la dá lóhùn síhìn-ín.

Ṣé Bollywood ni? Kí sì ni àkọlé gígùn yẹn túmọ̀ sí?

Rárá o. Àwa la máa ń kó gbogbo fíìmù Íńdíà pọ̀ sínú àpò kan. Bollywood jẹ́ ti èdè Híńdì, Mumbai ni ojúkò rẹ̀. Èdè Tamil ni ti èyí, èdè ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní gúúsù, níbi tí Chennai ti jẹ́ olú-ìlú. Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé àwọn òṣèré rẹ̀ wá láti ibi púpọ̀: Mumbai ni Tabu àti Aishwarya Rai ti lókìkí jù, Mammootty sì jẹ́ àgbà òṣèré ní èdè Malayalam tí wọ́n ń sọ ní Kerala. Ajith Kumar gan-an ni gbajúmọ̀ òṣèré Tamil nínú wọn. Rajiv Menon ló darí rẹ̀. Iṣẹ́ kámẹ́rà ló ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, fíìmù kejì tó darí sì nìyí.

“Mo ti rí i, mo ti rí i” ni àkọlé náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà wà nínú orin ìyìn àtijọ́ tí akéwì Tamil kan, Tirumangai Alvar, kọ fún Vishnu, ọlọ́run àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, níbi tó ti ń yọ̀ pé òun ti rí orúkọ Narayana, tó jẹ́ orúkọ mìíràn fún Vishnu. Ẹni tó gbọ́ Tamil lè gbọ́ orin ìfẹ́ àti orin ìsìn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ta ló dúró fún ta nínú ìwé náà?

*Sense and Sensibility* ni ìwé náà, tí Jane Austen tẹ̀ jáde lọ́dún 1811 láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Elinor, ẹ̀gbọ́n tó ń fi ọgbọ́n bo ọgbẹ́ ọkàn mọ́lẹ̀, ló di Sowmya, ọ̀gá ilé-ìwé. Tabu ló ṣe é. Marianne tí kò lè pa ohunkóhun mọ́ra di Meenakshi, Aishwarya Rai nìyẹn. Edward Ferrars, ẹni tí Elinor fẹ́ràn, di Manohar, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ di olùdarí fíìmù. Ajith Kumar ló ṣe é. Kọ́nẹ́lì Brandon, tó fẹ́ràn Marianne, di Bala, ajagunfẹ̀yìntì tó ń ṣòwò òdòdó. Mammootty nìyẹn. Willoughby, ẹlẹ́nu dídùn tó kó sí Marianne lórí, di Srikanth. Àbúrò wọn kékeré, Kamala, wà níbẹ̀ bí Margaret ṣe wà nínú ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì pọ̀ níbi méjèèjì.

Kí ló lé ìyá àtàwọn ọmọ kúrò nínú ilé ńlá yẹn? Ṣé òfin wọn kò jẹ́ kí obìnrin jogún ni?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́ nìyí, nínú ìwé àti nínú fíìmù. Ìwé ìhágún ló lé wọn, kì í ṣe òfin.

Nínú ìwé Austen, bàbá àgbà kan ló ni ilé àti ilẹ̀ Norland ní Sussex. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá àwọn ọmọbìnrin náà lè jẹ èrè rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, ó di ti John, ọmọkùnrin tí bàbá yìí bí fún ìyàwó àkọ́kọ́, àti ti ọmọ John, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn ọmọbìnrin tó ń tọ́jú bàbá àgbà náà tọkàntọkàn gba ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan.

Nínú fíìmù, agbègbè Chettinad, ní ìhà Karaikudi, ni ilé náà wà, níbi tí àwọn oníṣòwò kọ́ àwọn ilé àgbàlá gbọ̀ngbọ̀n sí láyé àtijọ́. Padma, ìyá àwọn ọmọ, ló ń tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí ikú dé, bàbá ń gbìyànjú láti sọ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ yé. Ìgbà tí lọ́yà ṣí àpótí ni wọ́n tó mọ̀: ó ti pẹ́ tí bàbá ti kọ gbogbo ohun ìní rẹ̀ fún ọmọkùnrin rẹ̀, Swaminathan, nítorí pé Padma sá lọ fẹ́ ọkọ tí bàbá kò mọ̀ sí. Ìbínú ti kúrò níkùn bàbá tipẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ṣì wà nínú àpótí.

Ẹ wo bí iṣẹ́ yìí ṣe mọ́ lọ́wọ́ wọn. Òfin ogún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ti ọdún 1956 sọ pé bí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin ló jọ máa pín ohun tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ, dọ́gbadọ́gba. Tamil Nadu tún òfin náà ṣe ní 1989, kí ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ nígbà náà lè ní ìpín nínú ohun ìní àjogúnbá ìdílé pẹ̀lú. Tí wọ́n bá gbé ìtàn Austen wọlé láìkọ ìwé ìhágún sí i, lọ́yà kan ṣoṣo á tú u ká ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n òfin 1956 kan náà gba olóhun láàyè láti hágún fún ẹni tó bá wù ú. Inú àlàfo yẹn ni fíìmù náà gbà kọjá. Ohun kan tún wà tí àwọn òǹwòran ibẹ̀ mọ̀ nígbà náà: bí ìwé ìhágún kò bá tilẹ̀ sí, obìnrin kò lè sọ pé kí wọ́n pín ilé tí ìdílé ń gbé, àfi bí àwọn ọkùnrin bá kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n tó pa abala yẹn rẹ́. Ẹni tó bá bá arákùnrin rẹ̀ fa irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀pọ̀ nǹkan láti dì mú.

Kò sí ẹni tó dì wọ́n lápá lé wọn jáde. Ìwà Swaminathan àti ìyàwó rẹ̀ ló yí padà, ojú àlejò ni wọ́n sì fi ń wo onílé àná. Padma àtàwọn ọmọ rẹ̀ forí lé Chennai, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ fún àwọn èèyàn. Sowmya wá iṣẹ́ títí ó fi di ẹni tó ń gba ìpè tẹlifóònù ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, níbi tó ti gòkè. Èmi gbà pé níhìn-ín ni fíìmù ti ju ìwé lọ. Elinor kò lè ṣiṣẹ́ kankan gba ara rẹ̀ là, ipò rẹ̀ láwùjọ kò gbà á. Sowmya lè ṣe é.

Kí ló dé tí Bala fi pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀?

Nínú ìwé, ohun tí Marianne kà sí àbùkù Brandon ni pé ó ti ju ọmọ ọdún 35 lọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa wíwọ ẹ̀wù abẹ́ tó ń múni móoru nítorí òtútù. Ọmọbìnrin ọdún 17 rí i bí ẹni tó ti darúgbó. Irú àlàfo ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ kò tó láti dí ọkọ lọ́nà lójú àwọn òǹwòran Tamil. Kódà nígbà tí fíìmù jáde, ọmọ ọdún 48 ni Mammootty, Aishwarya Rai sì jẹ́ ọmọ 26, ẹnikẹ́ni kò fi ṣe wàhálà. Wọ́n nílò ohun tí ojú á rí.

Wọ́n rí i nínú ìtàn ilẹ̀ wọn. Láti 1987 sí 1990, Íńdíà rán ọmọ ogun lọ sí Sri Lanka láti pẹ̀tù sí ìjà, àwọn ọmọ ogun náà sì bá àwọn ajàjàgbara Tamil tó wà níbẹ̀ jagun gidi. Ibẹ̀ ni Bala ti fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Ní Chennai, ọgbẹ́ yìí kò mọ sí ẹsẹ̀ nìkan, nítorí ogun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mẹ́nu bà ni. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Brandon inú ìwé náà sìn ní Íńdíà nígbà tó jẹ́ ọmọ ogun.

Ṣé ọ̀bàyéjẹ́ ni Srikanth àbí ẹni tí wàhálà bá?

Ìkejì sún mọ́ ọn jù, ìwé sì le jù fíìmù lọ lórí èyí. Willoughby ti fún ọmọbìnrin kan lóyún, ó sì já a sílẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà tó fẹ́ fún un lógún gbọ́, ó lé e, ló bá lọ fẹ́ olówó tó ní 50,000 pọ́n-ùn. Fíìmù yọ ọ̀rọ̀ oyún kúrò pátápátá. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó ìpamọ́ lọ́wọ́ ará ìlú ni Srikanth ní, ó dà wó, àwọn olówó sì ń wá owó wọn. Mínísítà kan ní òun á gbà á sílẹ̀, bó bá fẹ́ ọmọ òun. Ẹni tó gbé Tamil Nadu nígbà náà mọ irú ilé-iṣẹ́ yìí dáadáa: wọ́n dà wó púpọ̀ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ ṣòfin ní 1997 láti dáàbò bo àwọn tó fowó sọ́dọ̀ wọn.

Meenakshi rí i pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ fẹ́, ojú rẹ̀ ṣú, ó jìn sínú ihò omi ìdọ̀tí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lójú títì, Bala ló sì gbà á jáde. Nínú ìwé, ibà líle ni, tí Marianne kó lẹ́yìn tó rìn nínú koríko tútù. Ihò yẹn yá ju ibà lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yá jù. Ọ̀sẹ̀ tí Marianne fi dùbúlẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ fi yí padà. Ti Meenakshi wáyé kí òǹwòran tó mí.

Kí ló ń dá Sowmya àti Manohar dúró?

Edward inú ìwé ti fi ìkọ̀kọ̀ ṣàdéhùn ìgbéyàwó pẹ̀lú Lucy Steele, Lucy fúnra rẹ̀ ló sì sọ àṣírí náà fún Elinor, tó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Fíìmù kò mú Lucy wá. Ohun méjì ló fi dípò: ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ fún Sowmya ní Amẹ́ríkà pa ara rẹ̀, ni àwọn èèyàn bá sọ pé orí rẹ̀ kò dára, Manohar sì ní láti kọ́kọ́ ṣe fíìmù tirẹ̀ yọrí. Lẹ́yìn náà ni àhesọ dé pé òun àti òṣèrébìnrin inú fíìmù náà ń fẹ́ra. Ọ̀rọ̀ orí burúkú yẹn bá ibẹ̀ mu gan-an. Ti àhesọ ni mi ò fẹ́ràn. Àṣírí tí Elinor gbé sáyà fún oṣù púpọ̀ ló sọ ọ́ di akọni, àhesọ inú ìwé ìròyìn kò wúwo tó o.

Kí ni píramídì ń wá nínú ìtàn ìdílé?

Orin ni. Bí aṣọ àti ilẹ̀ bá yí padà lójijì, ẹ má wá ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀. Inú ọkàn ẹni náà lẹ wọ̀. “Yenna Solla Pogirai”, kí lo fẹ́ sọ, ni ìbéèrè tí Manohar kò lè bi Sowmya nínú ilé àwọn èèyàn rẹ̀. Ó bi í ní Íjíbítì. Shankar Mahadevan, olórin tó fi ohùn rẹ̀ kọ ọ́, gba àmì-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè Íńdíà lórí rẹ̀. Ààfin Eilean Donan ní Skọ́tlándì sì ló wà nínú orin àkọlé. A. R. Rahman ló ṣe orin náà, Vairamuthu ló kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú wọn, àfi “Suttum Vizhi”, ewì Subramania Bharati tó kú ní 1921. Bharati ni Meenakshi fẹ́ràn bí Marianne ṣe fẹ́ràn Cowper, akéwì Gẹ̀ẹ́sì kan.

Ṣé kí n kọ́kọ́ ka ìwé náà?

Ẹ wo fíìmù ná. Kò ju nǹkan bí wákàtí méjì àbọ̀ lọ. Ẹ wá ẹ̀dà tí ìtumọ̀ rẹ̀ kan àwọn orin, nítorí àwọn ẹ̀dà kan máa ń fò ó, ìdajì ohun tí ọkàn ń sọ á sì lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ka orí kejì ìwé Austen nìkan. John ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ tó ń kú lọ pé òun á ran ìyàwó bàbá àti àwọn àbúrò òun lọ́wọ́. 3,000 pọ́n-ùn ló ní lọ́kàn fún àwọn ọmọbìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fanny ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ó di 500 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ó di 100 fún ìyá lọ́dọọdún. Ó di 50 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Nígbà tí orí náà fi parí, ó ti di ìrànlọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù, àti ẹja pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá dé.