Kí ni oxytocin, tí wọ́n ní ajá àti ológbò fi ń tuni lára?

Obìnrin tó bá ti rọbí ní ọsibítù ṣeé ṣe kó ti gba oxytocin láì mọ orúkọ rẹ̀: òun ni wọ́n ń pò mọ́ omi tí nọ́ọ̀sì ń so rọ̀ fún aboyún tí ìrọbí rẹ̀ ń falẹ̀. Ara wa náà ń ṣe é, lọ́kùnrin lóbìnrin. Inú ọpọlọ ló ti ń wá, tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri. Òun ló ń mú omi ọyàn sun nígbà tí ọmọ bá ń fa ọmú. Ó tún lọ́wọ́ nínú bí ọkàn ṣe ń fà mọ́ ẹni, àti bí àyà tó ń já ṣe ń rọlẹ̀.

Ajá mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Japan fi àwọn èèyàn àti ajá wọn sínú yàrá. Àwọn tí ajá wọn tẹjú mọ́ wọn pẹ́, oxytocin inú ìtọ̀ wọn lọ sókè, ti ajá náà lọ sókè. Wọ́n gbé ìkookò tí èèyàn tọ́ dàgbà wá, kò fi bẹ́ẹ̀ wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ti ológbò yàtọ̀. Ìran ìkookò tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́ ni ajá. Ìran ológbò ìgbẹ́ tó ń dá ṣọdẹ ni ológbò, eku ìdí àká ọkà ló mú un sún mọ́ ilé wa. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àjẹ́ ni, ẹ ní sùúrù ná.)

Lọ́dún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ní Ṣómólú, oorun sá lójú mi. Bí mo bá ti wọ géètì, Bingo, ajá onílé wa, á fò mọ́ mi tòun ti ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìrù rẹ̀ á gbá ike omi dànù. Torí pé èmi ló ń retí pé kí n mú un rìn jáde nírọ̀lẹ́, mo ń kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tí mi ò tiẹ̀ fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Dúdú, ológbò mi, kò ní pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà láé. Àmọ́ tó bá di aago mẹ́ta òru, tí jẹnẹréétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́, á wá dùbúlẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, á máa kùn hùnrùnhùnrùn. Bí mo bá rọra ṣẹ́jú sí i, á rọra ṣẹ́jú padà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nìyẹn.

Mi ò ní parọ́, wọn ò wò mí sàn. Ọsibítù ọpọlọ Yábàá, tó ti wà láti 1907, ni mo padà gbà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí kí ará àdúgbò má rí mi ní géètì.

Tẹ́ ẹ bá ń jáde láago márùn-ún àárọ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland, tẹ́ ẹ ń wọlé láago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ má ra ajá. Dídá wà máa ń bà á nínú jẹ́. Á gbó títí aládùúgbò á fi wá kanlẹ̀kùn. Ológbò lè fara dà á, tí oúnjẹ, omi àti yanrìn tó ń yàgbẹ́ sí bá wà nílẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ rí i pé ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi.