Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ìdílé Kristẹni láwùjọ

Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ àánú tí bàbá, ìyá, àwọn ọmọ àti ìbátan tó ń bá wọn gbé jùmọ̀ ń ṣe fún àwọn ará àdúgbò láìgba owó. Ó yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ìjọ ń pín fún ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan, torí agbo ilé lódidi ló ń dìde sí i. Bí ẹnìkan ṣe ń gbá ilé opó, ẹlòmíì á máa kàwé fún ìyá náà, èyí tó kéré jù á sì máa ká aṣọ tó ti gbẹ.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú Bíbélì

Jóṣúà 24:15, níbi tí Jóṣúà ti ní òun àti ilé òun yóò máa sin Olúwa, ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ náà mu jù ni 1 Kọ́ríńtì 16:15: Pọ́ọ̀lù ní ilé Stefana fi ara wọn fún iṣẹ́ ìránṣẹ́, ìyẹn ni pé ilé náà ló yìn, kì í ṣe baálé nìkan. Akuila àti Priskila, tọkọtaya tó ń pàgọ́, gba Pọ́ọ̀lù sílé (Ìṣe 18:2–3), ìjọ sì ń pé jọ nílé wọn. Jákọ́bù 1:27 dárúkọ àwọn tí iṣẹ́ náà kàn: ọmọ aláìníbaba àti opó.

Nínú ìtàn ìjọ

Ní ọ̀rúndún kẹrin, ní Kapadókíà (tó wà ní Turkey òde òní), obìnrin Kristẹni kan tó ń jẹ́ Macrina gba àwọn tí ìyàn ti lé sójú ọ̀nà mọ́ra. Àbúrò rẹ̀, Basil, kọ́ ibi ìtọ́jú fún aláìsàn, tálákà àti àlejò lẹ́bàá Kesaria, ìlú kan ní Kapadókíà náà. Ní ọdún 1836, George Müller àti ìyàwó rẹ̀, Mary, ṣí ilé fún ọmọdébìnrin aláìlóbìí 30 ní Bristol, ní England. William Booth àti ìyàwó rẹ̀, Catherine, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn tálákà London ní 1865. Ní 1878 ló di Salvation Army, ìjọ Kristẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àánú. Ọmọ wọn Bramwell gba ipò olórí ní 1912, ọmọ wọn obìnrin, Evangeline, sì di olórí ní 1934.

Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Ìdílé á kọ́kọ́ jókòó, kí oníkálukú sọ àkókò tó ní àti ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́ pé kí ló ń fẹ́. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò: wọ́n á kó aṣọ lọ fún ẹni tó jẹ́ pé ẹni tí yóò sìn ín dé ilé ìwòsàn ló ń wá. Iṣẹ́ kan, ibì kan, ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀. Wákàtí méjì lẹ́ẹ̀mejì lóṣù tó fún ilé tó ní ọmọ kéékèèké. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún un gbé yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tó kéré tí kì í yẹ̀ sàn ju èyí tó pọ̀ tí kò lọ́jọ́ lọ, torí arúgbó tó ń retí àlejò kì í gbàgbé ọjọ́ tí wọn ò wá.

Ọmọ ọdún mẹ́fà sísàlẹ̀ lè ya káàdì ìkíni, kó sì to ohun fúyẹ́. Láti ọdún méje sí 12, ó lè ka ẹrù, kó lẹ orúkọ mọ́ ọn, kó sì kàwé sókè. Ọ̀dọ́ lè kọ́ àwọn kékeré ní ẹ̀kọ́ tàbí kó máa tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀. Àgbà nìkan ni kí ó fọwọ́ kan àkàsọ̀, ẹ̀rọ oníná àti oògùn ìfọlẹ̀ tó le.

Bó bá jẹ́ oúnjẹ ni wọ́n ń sè fún èèyàn, kí èyí tó gbóná má ṣe lọ sísàlẹ̀ 60°C, kí èyí tó tutù má sì kọjá 5°C. Èyí tó bá wà níta fún ju wákàtí méjì lọ, dídà nù ló yẹ ẹ́. Oúnjẹ tí wọ́n bá tún gbé kaná gbọ́dọ̀ gbóná dé 74°C. Ẹni tó ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru kò gbọ́dọ̀ wọ ibi ìdáná títí wákàtí 48 fi kọjá lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti dá. Kí wọ́n kọ èròjà sára ike, pàápàá ẹ̀pà, ẹyin àti wàrà, torí ara ẹlòmíì kì í gbà wọ́n.

Àbò

Kò sí àgbà tó yẹ kó dá wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ. Àgbà méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ka tọkọtaya sí ẹnìkan ṣoṣo nínú òfin yìí, nítorí náà ìdílé tó rò pé òun ti pé méjì ṣì nílò ẹlòmíì láti ìta. A kì í ya àwòrán ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ láìgbàṣẹ. Àwọn ọmọ pàápàá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá rí nílé onílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Bí owó àwọn ẹlòmíì bá wọ̀ ọ́, kí ẹni méjì tí kì í ṣe ará ilé kan náà jọ máa fọwọ́ sí i.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́

Ìbẹ̀rẹ̀ ńlá ló ń pa iṣẹ́ yìí ju àìlówó lọ. Èkejì ni òbí tó ń fi ipá mú ọmọ: ọmọ tí kò lẹ́nu nínú yíyan iṣẹ́ náà á sá fún un tó bá dàgbà díẹ̀. Ìdílé mìíràn á tún ilé àwọn aládùúgbò ṣe tán nígbà tí ìyá bàbá wọn wà láìsí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ 1 Tímótì 5:8 fi ìtọ́jú ará ilé ẹni ṣáájú. Àwọn kan tún ń so ìrànlọ́wọ́ mọ́ wíwá sí ìsìn. Ìlànà ìwà tí Red Cross àti àwọn àjọ mìíràn fọwọ́ sí ní 1994 fún ìrànwọ́ lásìkò àjálù kò fàyè gba irú èyí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìdílé náà nípa ìgbàgbọ́ wọn, wọ́n lè dáhùn, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìhìn rere gbọ́dọ̀ rí ohun kan náà gbà.

Bí ìdílé bá fẹ́ dáwọ́ dúró, kí wọ́n sọ ọ́ ní oṣù kan ṣáájú, kí wọ́n sì mú ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn wá fún ìbẹ̀wò méjì, ó kéré tán, kí wọ́n tó dágbére.