Oje funfun inú Euphorbia: ohun tó jẹ́, àti bí a ṣe ń tọ́jú igi náà nínú ilé

Ọ̀pọ̀ ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí à ń rà nínú ìkòkò ní Àjàṣẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní cactus, kì í ṣe cactus. Euphorbia ni wọ́n, ẹbí oró adẹ́tẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gún rẹ̀ dáadáa: ti cactus máa ń hù láti orí òwú kékeré kan, ti Euphorbia sábà máa ń jáde ní méjì-méjì, láìsí òwú kankan nídìí rẹ̀. Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ gún un díẹ̀. Bí oje funfun bá yọ, tó rí bíi wàrà, Euphorbia ló sábà máa ń jẹ́. Kí ẹ sì nu abẹ́rẹ́ náà kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Oje yìí kì í ṣe omi tí igi ń mu. Inú ihò tóóró-tóóró tó la ara igi já ló wà, ó sì kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, ìdí nìyẹn tó fi ń tú jáde bí ọ̀bẹ bá ti kàn án. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, á dì bíi rọ́bà, á sì dí ojú ọgbẹ́. Ó tún ní èròjà tó ń jó ẹnu ẹran tó bá fẹ́ jẹ igi náà. Èròjà kan náà ló ń mú ara wa pọ́n, tó ń wú, tó sì ń lé ròrò. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó lè má jó lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí mélòó kan kí ìrora tó dé, nígbà yẹn ẹni náà á ti fi ọwọ́ kan náà nu ojú. Nítorí náà, ẹ má fi wé oje ahọ́n erin tí à ń fi pa ara.

Kí ló sábà ń mú ká gbé ọ̀bẹ sí igi yìí? Ìjẹrà ìdí ni, omi àpọ̀jù ló sì ń fà á. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fún un lómi kò ní fi bẹ́ẹ̀ fojú kan oje náà. Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò nídìí. Ẹ po ìdá kan ilẹ̀ dúdú mọ́ ìdá kan yanrìn oníhóró ńlá àti ìdá kan òkúta wẹẹrẹ tàbí àfọ́kù bíríkì. Yanrìn etí ọ̀sà lè ní iyọ̀, iyọ̀ a sì máa ba gbòǹgbò jẹ́. Ẹ fi omi kànga ṣàn án dáadáa kí ẹ tó lò ó. Kí ẹ tó bomi rin ín, ẹ ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ inú ilẹ̀ náà dé ìsàlẹ̀. Bí erùpẹ̀ tútù bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá jáde ní gbígbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi á fi jáde nídìí ìkòkò, kí ẹ sì da èyí tó kù nínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Lásìkò òjò, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án ló yẹ ẹ́. Bí ọyẹ́ bá mú ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Kétu, tí ewé ń já, ẹ má sáré gbé omi: bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sinmi.

Bí ìdí rẹ̀ bá wá rọ̀, tó pọ́n bíi tábà, gígé ló kù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti dígí ojú, kí ẹ lé ọmọdé àti ewúrẹ́ jìnnà. Ẹ gé e lókè ibi tó ti jẹrà, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé: bí ẹ bá ṣì rí àmì pupa kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ nu ọ̀bẹ, kí ẹ tún gé e sókè, torí ọ̀bẹ tí a kò nù ló ń gbé ìjẹrà lọ síbi tó ṣì dáa. Ẹ wọ́n omi sójú ọgbẹ́ títí oje á fi dá. Ẹ gbé apá òkè tí ẹ gé náà síbi òjìji fún ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá, kí ojú ọgbẹ́ le gbagidi. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í bọ ilẹ̀ gbígbẹ ní ìwọ̀n ìka méjì, kí ẹ má sì fún un lómi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá kánjú gbìn ín ní tútù máa rí i tó tún jẹrà.

Bí oje bá kan ara, ẹ fi ìwé gbígbẹ nù ún, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́. Èyí tó ti dì, ẹ fi òróró rọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi ọṣẹ sí i. Bó bá kó sójú, ẹ jẹ́ kí omi mímọ́ máa ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ sì gbéra lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, àní bí ìrora bá tilẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ má fún omi ewé tàbí wàrà ọmú sí i. Ẹ̀ka tí ẹ gé, ẹ má sun ún, torí èéfín rẹ̀ náà ń ta ojú. Ẹ má sì jù ú sínú ọ̀sà, ó lè pa ẹja. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹ rì í mọ́lẹ̀.