Bí Ilé Páànù Méjì Ṣe Di Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní Orkney

Ẹni tó bá dúró níwájú ilé náà, ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ló ń wò: ògiri funfun, òpó méjì lẹ́nu ọ̀nà, orí Jésù tí wọ́n fi amọ̀ pupa mọ sókè ilẹ̀kùn, agogo lókè téńté. Kó rìn yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, páànù ni. Páànù yẹn tẹ̀ kọdọrọ bí ìgbà tí wọ́n la dúrọ́ọ̀mù sí méjì lóròó, tí wọ́n wá dojú rẹ̀ délẹ̀.

Lamb Holm ló wà, erékùṣù kékeré kan ní Orkney, lápá àríwá Scotland, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí igi fi bẹ́ẹ̀ dàgbà. Ará Àkúrẹ́ tó ń gba Mísà ní Katidírà Ọkàn Mímọ́ Jésù lè béèrè pé kí ni àwọn Àgùdà ń wá níbẹ̀. Ogun Hítílà ló kó wọn débẹ̀.

Lóru ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 1939, U-47, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, yọ́ wọ Scapa Flow tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gúnlẹ̀ sí, ó sì ri Royal Oak, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ogun náà. Àwọn tó bá a lọ lé ní 800. Churchill, mínísítà tó ń bójú tó ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní kí wọ́n dí àwọn ojú omi tó wà níhà ìlà oòrùn pa. Odi mẹ́rin ni iṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ ò sì tó. Ni wọ́n bá kó àwọn ọmọ ogun Ítálì tí wọ́n mú ní Àríwá Áfíríkà wá ní 1942, wọ́n sì fi bíi 550 nínú wọn sí Àgọ́ 60 ní Lamb Holm.

Òfin Geneva ò fàyè gbà á kí wọ́n fi ẹlẹ́wọ̀n ogun ṣe iṣẹ́ ogun, àwọn ará Ítálì sì tìtorí ẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní rárá, títì tí yóò so erékùṣù pọ̀ ni. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, àmọ́ ó ṣẹ: mọ́tò ń gbà á títí dòní.

Bí wọ́n ṣe mọ odi náà nìyí. Wọ́n kó òkúta fífọ́ sínú àwọ̀n wáyà, wọ́n ń jù ú sómi títí ó fi ga dójú omi. Wọ́n wá to búlọ́ọ̀kù kọnkéré lé e: àwọn tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 5 láàárín, àwọn tọ́ọ̀nù 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́, gátagàta, kí ìgbì lè fọ́ sí i lára. 66,000 búlọ́ọ̀kù ni. Níbi tí wọ́n ti ń da irú èyí, sìmẹ́ńtì ò lè wọ́n èèyàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ṣọ́ọ̀ṣì ti yọ.

Domenico Chiocchetti, ayàwòrán láti Moena, ti kọ́kọ́ fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún ṣe egungun ère George Mímọ́, ó fi sìmẹ́ńtì bò ó. Bíríkìlà Àkúrẹ́ yóò mọ ìdí tí wáyà fi wà nínú ẹ̀: sìmẹ́ńtì tí ò ní irin nínú kì í pẹ́ sán. Nígbà tí Fadá Giacobazzi dé, tí ọ̀gá àgọ́, Buckland, sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fún wọn ní ilé páànù méjì níparí 1943.

Wọ́n gbé ọ̀kan sídìí èkejì kó lè gùn. Ìṣòro irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé òtútù òde àti èémí àwọn tó wà nínú ilé máa ń pàdé lára páànù, omi á máa kán. Wọ́n fi bọ́ọ̀dù plásítà tẹ́ inú rẹ̀, Chiocchetti àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kun ún bíi bíríkì àti òkúta gbígbẹ́. Bíríkì kankan ò sí níbẹ̀, ọ̀dà lásán ni; ojú á tan ènìyàn títí ó fi nawọ́ kàn án. Kọnkéré tó ṣẹ́ kù lára odi ni wọ́n fi ṣe pẹpẹ àti ọgbà iwájú rẹ̀. Agolo ẹran ni wọ́n fi ṣe ibi tí iná ń jókòó sí. Inú sàlẹ́ńsà mọ́tò ni wọ́n mú, wọ́n fi kọnkéré bò ó, ó di ọpọ́n ìrìbọmi. Palumbi tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ rọ ìgànná irin tó pààlà síwájú pẹpẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló dára jù níbẹ̀, wẹ́dà kankan ò ní jiyàn. Àwòrán Màríà Wúndíá tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, ara káàdì àdúrà tí ìyá Chiocchetti fún un ló ti yà á.

Ní oṣù kẹsàn-án 1944, wọ́n kó àwọn yòókù lọ. Chiocchetti dúró sẹ́yìn kó lè parí ọpọ́n ìrìbọmi. Wọ́n wó àgọ́ náà lẹ́yìn ogun, ṣọ́ọ̀ṣì àti ère George nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun àti ọ̀rinrin kì í dá ọ̀dà sí. Ní 1960, Chiocchetti padà wá, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń tún un kùn. Ó tún wá ní 1964, ó sì kó àwòrán Ọ̀nà Àgbélébùú 14 tí wọ́n fi igi gbẹ́ wá fún wọn.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Kirkwall, olú ìlú Orkney, orí odi àkọ́kọ́ ni mọ́tò rẹ̀ yóò gbà. Búlọ́ọ̀kù tọ́ọ̀nù 10 wọ̀nyẹn ni yóò kọ́kọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ògiri funfun tó yọ.