Ike dé pa, kòkòrò kún inú ẹ̀wà: ibo ni wọ́n gbà wọlé?

Bí ẹ̀wà tuntun bá ti ń wọlé láti Òkè Ọya láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé a sì dáwó jọ ra odidi àpò kí wọ́n lè pín in. Kó tó di oṣù kejì, oṣù kẹta, ariwo á sọ. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù jọ síbí. Ẹ̀wà ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú, òun náà sì ni wọ́n ń fi májèlé tọ́jú jù.

Mo ṣa ẹ̀wà mi, mo dà á sínú ike tó mọ́, mo dé e pa. Èèrà pàápàá ò lè wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, kòkòrò ń rìn kiri nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni wọ́n gbà wọlé?

Wọn ò gba ibì kankan wọlé. Inú ẹ̀wà yẹn ni wọ́n wà nígbà tí ẹ gbé e kúrò lọ́jà.

Kòkòrò ẹ̀wà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Callosobruchus maculatus, oko ló ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí wọ́n tó ká ẹ̀wà, nígbà tí èèpo rẹ̀ bá ti ń gbẹ, abo kòkòrò náà á ti máa bà lé e láti yé ẹyin. Èyí tí kò bá kó o lóko lè kó o nínú àká tàbí ní ìsọ̀ ọjà, níbi tí wọ́n ti to àpò tuntun ti àpò ọdún tó kọjá. Abo kan ṣoṣo lè yé tó 100 ẹyin, ara hóró ẹ̀wà gan-an ló sì ń lẹ̀ wọ́n mọ́.

Ẹ bu ẹ̀wà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ bọ́ síta nínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ máa yí hóró kọ̀ọ̀kan wò. Bí ẹ bá rí nǹkan róbótó kékeré kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ débi pé èékánná lẹ máa fi ha á kó tó kúrò, ẹyin nìyẹn. Èyí tí ojú ṣì ń là kọjá lára rẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ ò tíì jáde. Èyí tó ti funfun ni kí ẹ bẹ̀rù. Ọmọ tiẹ̀ ti lu èèpo ẹ̀wà, ó ti wọ inú hóró lọ, ẹ̀túẹ̀tú tó ń lù sẹ́yìn bó ṣe ń wọlé ló kún inú ẹyin náà tó fi funfun bẹ́ẹ̀.

Inú hóró ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń dàgbà. Tó bá kù díẹ̀ kó jáde, á jẹ ẹ̀wà náà dé abẹ́ èèpo, á wá fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀ bo ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí i níta: àmì róbótó kan tó ṣú díẹ̀ lára hóró tó sì dà bíi pé kò ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí kòkòrò bá tì í, ihò dé nìyẹn. Nínú ooru ilẹ̀ wa, láti ìgbà tí ẹyin ti balẹ̀ títí di ìgbà tí kòkòrò á fi jáde, ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan lẹ rí wọn.

Èyí tó bá ti jáde kì í jẹ ẹ̀wà mọ́. Kò ní lò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ láyé, kó gun ara wọn kó sì yé ẹyin ni gbogbo iṣẹ́ tó kù fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀wà rẹ̀ nínú atẹ́gùn, tó lé àwọn tó ń rìn lọ, tó sì dà á padà sínú ike, àwọn tó wà nínú hóró kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ṣé ike tí a dé pa ò wá wúlò nígbà náà?

Ó wúlò gan-an. A kàn ń rò pé ìta ló ń dínà fún ni, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà nínú ló yẹ kó pa. Kòkòrò ń mí. Bí a bá ti afẹ́fẹ́ mọ́ wọn, wọ́n á lo ọ́síjìn ibẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀. Larry Murdock àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue, ní Amẹ́ríkà, tọpa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n sì rí yà mí lẹ́nu: òùngbẹ ló ń pa kòkòrò náà. Ẹ̀wà gbígbẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní omi nínú. Ara kòkòrò fúnra rẹ̀ ló ń ṣe omi látinú oúnjẹ tó jẹ, ọ́síjìn ló sì ń lò láti fi ṣe é. Bí ọ́síjìn bá ti lọ, omi tán, kò ní jẹun mọ́, á gbẹ kú síbi tó wà nínú hóró.

Láti inú iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ Kamẹrúùnù ní nǹkan bí ọdún 1987 ni àpò PICS ti jáde, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń lò káàkiri Nàìjíríà báyìí. Ọ̀rá nínípọn méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò híhun sì wà níta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ́ lẹ́nu, tí wọ́n ń so. Ẹni tó bá ra odidi àpò ẹ̀wà, tó sì máa fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kó wá a rà.

Ẹni tó ń gbé yàrá kan, tó ra kóńgò mélòó kan, kò nílò rẹ̀. Ìgò ike omi tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí ìdérí rẹ̀ ń lọ́ pa, ni mo fẹ́ràn jù lọ. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí inú wọn gbẹ táútáú, torí ẹ̀kán omi kan tó kù nínú ìgò á bu ẹ̀wà náà. Ẹ da ẹ̀wà sí i, ẹ máa gbá ìdí ìgò mọ́lẹ̀ kí ó lè ki, títí á fi kún dé ọrùn. Ẹ lọ́ ìdérí le. Ìgò kan ni kí ẹ máa ṣí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jẹ tirẹ̀ tán kí ẹ tó ṣí òmíràn.

Ẹ wá rí ìdí tí ike ńlá fi já yín kulẹ̀. Bóyá kò kún, afẹ́fẹ́ wá pọ̀ lókè tó tó wọn lò. Bóyá ìdérí rẹ̀ kò le. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni pé ojoojúmọ́ lẹ ń ṣí i láti bu agolo kan, ẹ wá ń fún wọn ní èémí tuntun láràárọ̀.

Ohun kan kí ẹ tó dé e: ẹ fi eyín gé hóró kan. Tó bá dún tó sì fọ́, ó ti gbẹ. Tí eyín bá wọ̀ ọ́, tí kò fọ́, ẹ lọ sá a ná.

Ìyá wa máa ń sá ẹ̀wà sóòrùn, wọ́n ní oòrùn á lé kòkòrò. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni pé ó ń lé e. Lórí ẹní lásán, ooru kì í tó èyí tó lè pa àwọn tó wà nínú hóró. Ohun tó ń pa gbogbo wọn, látorí ẹyin títí dórí àgbà, ni kí ẹ̀wà náà gbóná dé 57°C kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Oòrùn wa lè ṣe é tí a bá ràn án lọ́wọ́. Ẹ tẹ́ páálí tàbí ẹní sílẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú lé e, ẹ da ẹ̀wà sí i ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí hóró má gun ara wọn, kí ẹ wá fi ọ̀rá tí ojú ń ríran kọjá nínú rẹ̀ bò ó. Ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yíká. Ọjọ́ tí oòrùn bá mú ni kí ẹ ṣe é, láti aago 12 ọ̀sán títí di aago 3, ooru á sì tó á ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà náà tutù pátápátá kí ẹ tó dé e. Tí ẹ bá dé e pẹ̀lú ooru, á làágùn nínú ike, èébu ló sì máa tẹ̀lé e.

Ẹni tó ní fírísà tó ń dì dáadáa lè fi ẹ̀wà sínú ọ̀rá, kó so ó, kó fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá gbé e jáde, kó má tú ọ̀rá náà títí tí òtútù rẹ̀ á fi lọ, kí ìrì má baà sẹ̀ sára ẹ̀wà. Àwọn ará wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń gba èlùbọ́ láti ilé lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún èlùbọ́ pẹ̀lú. Nílé níbí, tí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì tí fírísà sì yọ́, ẹ tún ọ̀sẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

Ata gbígbẹ ńkọ́? Eérú? Òróró?

Eérú dára, àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ lo iye tó yẹ. Eérú tí a jọ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ẹ̀wà fúnra rẹ̀, ló máa dí àlàfo àárín hóró tí kòkòrò ò fi ní ríbi gbà dé ara wọn. Òróró náà dára: ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n dán òróró ẹ̀pà wò láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n sì rí i pé ṣíbí ìmu-tíì kan fún kìló ẹ̀wà kan, tí a fi ọwọ́ pa títí gbogbo hóró fi dán, ń pa ẹyin. Ẹyin ló ń pa dáadáa, ọmọ tó ti wọ inú hóró lè yè é. Nítorí náà, ẹ ṣe é ní kété tí ẹ bá ti ra ẹ̀wà dé. Ata gbígbẹ, mi ò gbójú lé e ní òun nìkan.

Àwọn tó ń tà á ń fọ́n Sniper sí i, a sì ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí. Kí ló wá burú níbẹ̀?

Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́. Dichlorvos ló wà nínú Sniper. Iṣan ìmọ̀lára kòkòrò ló ń bàjẹ́ tó fi ń kú, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Kò sẹ́ni tó ṣe é fún oúnjẹ. Ó ń di èéfín tó ń wọ inú hóró, torí náà kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi omi ṣàn kí ọkàn yín wá balẹ̀. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró nítorí dichlorvos tí wọ́n ń bá nínú rẹ̀. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa àwọn ìgò kékeré rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá jẹ ẹ̀wà, tó ń làágùn, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń bì, tí ẹyinjú rẹ̀ sún kì, tí èémí sì ń ṣòro fún un, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì tọ́wọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì.

Oògùn oníhóró tí àwọn oníṣòwò ń jù sínú àpò àgbàdo tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, gáàsì olóró ló ń tú jáde, ó sì lè pa gbogbo ẹni tó sùn sínú yàrá. Kò gbọdọ̀ wọ ilé tí ènìyàn ń gbé, ì báà ṣe fún alẹ́ kan.

Tí ẹ bá dé ọjà, tí wọ́n ní ẹ̀wà yìí ti ọdún tó kọjá ni, tí kò sì sí ihò kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀.

Èyí tó ti lu ihò, ṣé ó ṣeé jẹ?

Ẹ rẹ ẹ́ sómi. Èyí tí inú rẹ̀ ti ṣófo á léfòó, ẹ dà á nù, ẹ se ìyókù. Kòkòrò fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé.

Èébu ni ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí pátápátá, pàápàá lára ẹ̀pà, àgbàdo àti gbódó tí a fẹ́ lọ̀ fi ṣe èlùbọ́. Oríṣi èébu kan ń ṣe májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ọdún 1960 ni ayé kọ́kọ́ fojú sí i, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí ẹ̀pà tí wọ́n kó wá láti Bràsíìlì. Ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, àgbàdo tó ti bu ni wọ́n jẹ: ènìyàn 317 ló ṣàìsàn, 125 nínú wọn ló kú. Iná ìdáná kì í pa á. Ẹ sá a sóòrùn títí, ó ṣì wà níbẹ̀. Gbódó tó ti bu, ẹ má ha ojú rẹ̀ kí ẹ lọ lọ̀ ọ́, ẹ má sì dà á fún adìyẹ. Èyí tó bá gbẹ dáadáa ni kí ẹ tọ́jú, kí ẹ sì máa lọ ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ láàárín oṣù kan, torí èlùbọ́ tètè ń fa ọ̀rinrin ju gbódó lọ.

Gàrí àti iṣu ńkọ́?

Gàrí tí wọ́n yan gbẹ kò fẹ́ wàhálà: ike tó ṣeé dé pa, ṣíbí gbígbẹ, ó parí.

Iṣu ò rí bẹ́ẹ̀. Iṣu ṣì wà láàyè, ó ń mí, torí náà gbogbo ohun tí mo ní kí ẹ ṣe fún ẹ̀wà ni kí ẹ má ṣe fún un. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá, ẹ má tì í mọ́ inú ike. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì, torí òtútù tó bá wálẹ̀ ju nǹkan bí 12°C lọ ń ba inú rẹ̀ jẹ́, kíá ló máa jẹrà tí ẹ bá gbé e jáde. Orí pákó ni kí ẹ tò ó sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí oòrùn ò sì dé. Bí èéhù bá ti ń yọ, ẹ máa ká a, torí oúnjẹ inú iṣu ló ń jẹ. Èyí tí ọkọ́ tàbí àdá ti ṣá lára, ẹ yà á sọ́tọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ rà á, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gún.