Ta ló yọ post yín kúrò gan-an?

"Lọ́yà, ìjọba ti yọ post mi kúrò o." Báyìí lọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá bá mi ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi mẹ́séèjì tí ápù yẹn fi ránṣẹ́ hàn mí ná, torí lọ́pọ̀ ìgbà ìjọba ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ni ápù ló yọ ọ́ pẹ̀lú òfin tara wọn, èyí tí gbogbo wa tẹ "mo gbà" sí láì kà á (èmi náà ò kà á, ẹ má sọ fún ẹnì kankan). Ẹni tó yọ ọ́ lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, torí ọ̀dọ̀ ẹ̀ lẹ máa gbé ẹjọ́ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, àtọdún 1996 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Section 230 ti wà: tẹ́nì kan bá kọ ìkọkúkọ, òun ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ fi ẹni tó ni ápù sílẹ̀, àyàfi níbi ọ̀ràn mélòó kan. Jámánì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2017 wọ́n ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní NetzDG, pé ohun tó bá ta ko òfin ní gbangba, kí àwọn ápù ńlá yọ ọ́ láàárín wákàtí 24 tẹ́nì kan bá ti fẹjọ́ ẹ̀ sùn, ilé-iṣẹ́ tí ò bá sì ní ètò gidi fún un lè san fáìnì tó tó mílíọ̀nù 50 yúrò. Ní 2024 ni wọ́n pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òfin yẹn tì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé, ní tèmi o. Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó ń wo ẹ̀sùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ èébú, ó lè jẹ́ àwàdà, kò mọ ẹni tó kọ ọ́, kò mọ ohun tó wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀, aago sì ń lọ. Tó bá fi èyí tó burú sílẹ̀, fáìnì. Tó bá yọ èyí tó dáa, ta ló máa mú un? Ó máa yọ ọ́ ni, èmi náà tó bá jẹ́ èmi ni, màá yọ ọ́. Kì í ṣe fáìnì yẹn ló ń bí mi nínú, wákàtí 24 yẹn ni.

Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù (EU) gbìyànjú láti tún un ṣe pẹ̀lú òfin tí wọ́n ń pè ní Digital Services Act, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní kíkún láti oṣù kejì 2024. Fáìnì tibẹ̀ lè dé ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé-iṣẹ́ ń pa lágbàáyé lọ́dún, àmọ́ èyí tó wúlò fún yín ni pé tí wọ́n bá yọ post yín, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀, bóyá òfin ìlú lẹ rú àbí tilé-iṣẹ́, àti bóyá ẹ̀rọ ló dá ẹjọ́ náà. Lórí àwọn ápù ńlá, ẹ ní oṣù 6 láti ní kí wọ́n tún un wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún ẹ̀rọ nìkan.

Tẹ́ ẹ bá wà níbòmíì ńkọ́? Ẹ ya fọ́tò mẹ́séèjì yẹn kó tó pòórá, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń pẹ̀jọ́ nínú ápù, lẹ́yìn náà ẹ fi líǹkì post yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó wà lórílẹ̀-èdè míì. Tó bá ṣí fún un tí ò ṣí fún yín, ìlú yín ni wọ́n ti dí i, òfin àbí àṣẹ ìjọba ló sì sábà máa ń fa irú ẹ̀, ẹ wá lọ́yà. Tí ò bá ṣí níbì kankan, òfin ilé-iṣẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, àbí ẹni tó ni iṣẹ́ tẹ́ ẹ lò láì tọrọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá bá mi bú ìjọba fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìgbà tá a wá jọ ka mẹ́séèjì yẹn, orin olórin ló fi sábẹ́ fídíò ẹ̀.